Igbá Àwẹ̀ró Tí Kò Gba Ẹfun

Láwọyin, yéé pa ekùrọ́ sí mi létí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó tètè wú u tán. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké, kí ó fún un lọ́mú. Oòrùn ti rọlẹ̀, ilẹ̀ ti tutù, ẹnu sì ń yún mi.

Èmi Ọdẹ́jọbí ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ òórùn mi tí ó fi ọmọ sílẹ̀ tí ó sá. Èmi tí mo bá iwin pín iṣu sísun, tí mo mú èyí tó tóbi, tí iwin náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi yìí kan náà ni mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe dé Ìlú Ìpamọ́ tí mo sì padà wá láàyè. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ọ̀nà igbó wà níbẹ̀ kò lọ ibì kankan, kí ó gbéra kí ó lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbéra, ẹ gbọ́ àṣà kan. Ọdẹ kì í dágbére. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó jókòó síbí mọ̀ ọ́n. Bí ọdẹ bá fẹ́ wọ igbó, á gbé ìbọn, á mú àpò, á yọ́ jáde. Kò ní sọ pé òun ń lọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀, nítorí pé atẹ́gùn a máa gbọ́, atẹ́gùn a sì máa ròyìn fún ẹran. Ẹni tó bá bi ọdẹ léèrè pé níbo lò ń lọ, ó ti ba ọjọ́ ọ̀hún jẹ́ nìyẹn. Bàbá mi kò dágbére. Bàbá tó bí bàbá mi kò dágbére. Èmi náà kò sì dágbére rí, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lóko, ì báà jẹ́ ní ilé àna mi.

Ìyàwó mi Àwẹ̀ró, ìyá Ìbídùn, kórìíra àṣà yìí dé góńgó. Á máa ro ọkà lọ́wọ́, á yíjú báyìí, kò ní bá mi níbi tó fi mí sí mọ́. Bí mo bá dé, á gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Á ní, "Bàbá Ìbídùn, ṣé ènìyàn ni mo fẹ́ ni àbí èéfín? Ẹ̀ ń jáde bí olè, ẹ̀ ń wọlé bí ọba. Àìdágbére yín yìí, lọ́jọ́ kan, ó máa kó yín sí ìyọnu." Èmi á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. Mo ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú ọ̀ràn igbó? Háà! Ohun tí Àwẹ̀ró rí lórí àpótí ìdáná, èmi ò rí i lórí igi tí mo gùn.

Ní ọdún kan, òjò ti mú dáadáa, mo wọ inú igbó lọ títí mo fi kọjá ibi tí ẹyẹ ìlú ń fò dé. Nígbà tí mo padà dé, mo bá Àwẹ̀ró tó jókòó sídìí àká, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ wa Ìbídùn ti wá láti ilé ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó bu omi fún mi. Ó sì kọjá lára ìyá rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó.

Mo ní, "Ìbídùn, o ò rí ìyá rẹ ni?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí. Ó ní, "Ìyá wo, bàbá? Ṣé kò rẹ̀ yín báyìí? Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ tọ́ mi."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ìbídùn kò gbọ́ ẹkún náà rárá, ó lọ gún iyán. Mo sáré jáde sí àdúgbò. Mo bi ti iwájú, mo bi ti ẹ̀yìn, gbogbo wọn ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá tó bí i gan-an, tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n, kọjá lójúde wa. Ó ní, "Ọdẹ́jọbí, ìgbà wo lo máa gbéyàwó ná? Ọkùnrin tó dá ọmọ tọ́ yẹ kó sinmi." Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yìnbọn lu àjà.

Mo wá wo ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró lórí iyanrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Mo mọ ojú ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti èsúró kódà bí òjò bá ti rọ̀ sí i. Àwẹ̀ró ń tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ kò gbà á mọ́. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ti adìyẹ. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ tí kò bá ní ojú ẹsẹ̀ mọ́, ó parí, a ò ní rí i mọ́ láyé. Inú igbó jíjìn ni mo wà lọ́jọ́ tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni kò fi tíì dé orí tèmi. Ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀. Mo la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀, orúkọ náà há sí mi lọ́fun kó tó jáde. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi Ọdẹ́jọbí, ẹ̀rù bà mí.

Àwẹ̀ró nu ojú. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ìyá ìyá mi máa ń sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní igbá ní Ìlú Ìpamọ́. Ẹni tó wà láàyè, ẹfun ni wọ́n fi ń kun igbá tirẹ̀. Ẹni tó bá kú, wọ́n á fi èédú kùn ún. Mo lálàá pé wọ́n fi èédú kun tèmi. Ẹ bá mi lọ wò ó kí ilẹ̀ tó gbàgbé mi tán. Ẹ dúró kí n mú iṣu sísun wá tí ẹ máa jẹ lọ́nà."

Ó yíjú sí ibi ààrò. Kó tó yíjú padà, mo ti lọ. Ọdẹ ni mí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kò ní orúkọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ tó jáde láti sọ ọ́ lórúkọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé iwin kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ etí. Etí lórí, etí láyà, etí lórúnkún, etí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dábùú ọ̀nà. Ó ní, "Ta ló ń tẹ ewé gbígbẹ sí mi létí?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jọbí ni. Kúrò lọ́nà kí n tó fi etí rẹ kan se ọbẹ̀."

A wọ̀yá ìjà. Ó gbé mi, mo gbé e. Ó fi mí na igi, mo fi í na àpáta. A jà títí koríko ibẹ̀ fi pá lórí. Nígbà tí mo rí i pé agbára wa dọ́gba, mo rántí pé etí ló pọ̀ lára rẹ̀, ni mo bá fi ẹnu sí ọ̀kan, mo súfèé kíkankíkan. Yéè! Ó di gbogbo etí rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó wọn. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ó bẹ̀ mí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ná. Ẹ ṣeun.

Iwin ní òun á jẹ́ kí n kọjá bí mo bá lè já àlọ́ kan. Ó ní, "Kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?"

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo ní, "Àgbàrá òjò ni! Ọmọ tó ń rá mọ́lẹ̀ mọ èyí."

Gbogbo etí rẹ̀ mì pẹ̀pẹ̀. Ó ní, "O mọ orúkọ rẹ̀, o ò mọ ojú rẹ̀. Máa lọ, Àgbàrá."

Mo rò pé oríkì ló fún mi. Inú mi dùn gidi. Mo ń lọ lọ́nà, mo ń ki ara mi: Ọdẹ́jọbí, Àgbàrá, a-wọ́-lọ-má-wẹ̀yìn! Láwọyin, o ti ń rẹ́rìn-ín. Fara balẹ̀, kò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Mo jáde nínú igbó náà sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àṣekù. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí nǹkan! Gbogbo ilé ibẹ̀, ògiri wà, òrùlé kò sí. Onígbàjámọ̀ fá orí oníbàárà rẹ̀ dé ìdajì, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, òun àti oníbàárà jọ ń wo òfuurufú. Ọkùnrin kan gbé òkèlè dé ẹ̀bá ètè, ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tí iyán ọ̀hún ti gbóná. Ọba wọn gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àga, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dìde láti pa mí. Ọ̀kan gbé kùmọ̀ sókè, ó gbàgbé ibi tó ń gbé e lọ. Èkejì fa ọfà, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo rìn láàárín gbogbo wọn bí ẹni tó ń rìn nínú oko àgbàdo.

Níwájú ilé kan ni mo ti rí ìyàwó tuntun kan. Wọ́n ti ṣe é lóge, lálì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ilé ọkọ, ọ̀kan wà níta. Ọkọ rẹ̀ jókòó sínú ilé, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Mo ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí o ò wọlé?"

Ó ní, "Gbogbo ohun tí à ń ṣe ni mo ti ṣe. Ọ̀kan ló kù."

Mo ní, "Kí ló kù?"

Ó ní, "Ohun tó kù yẹn gan-an ni mi ò rántí."

Mo kánjú, mo ní ìyẹn kò kàn mí, mo kọjá lọ. Ẹ fi ìyàwó yẹn sọ́kàn fún mi, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìlú Ìpamọ́. Odò kan yí i ká. Bí ènìyàn bá bojú wo inú odò náà, ilé ara rẹ̀ ló máa rí níbẹ̀. Mo bojú wò ó, mo rí Àwẹ̀ró tó ń gbá ojúde, ìgbálẹ̀ ń lọ, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kan tó hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré sọdá.

Ilé kan ṣoṣo ló wà ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ilé ọ̀hún gùn ju òpópó ọ̀nà ọjà lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú, yàrá wà lẹ́yìn, aṣọ dúdú sì bo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ẹní. Irun rẹ̀ funfun, ó gùn débi pé ó fi jókòó. Òun ni Ìyá Olùpamọ́.

Ó ní, "Kú ìrìn, ọmọ mi. Kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Ìyá, ìyàwó mi Àwẹ̀ró wà láàyè. Ilé yín ti sọ ọ́ di òkú."

Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, igbá kan sì rọra fò jáde wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èédú ló kún ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, ó kẹ́dùn. Ó ní, "Àwẹ̀ró mìíràn ló kú ní ìlú òkèèrè. Ọwọ́ mi ló ṣì í, ojú àgbà ti bàìbàì. Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ alààyè wá ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu èédú náà, kí ó sì fi ẹfun kun igbá."

Ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́? Mo nu èédú. Mo po ẹfun, mo kun igbá náà yíká, ó ń dán bí eyín ọmọdé. Mo gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo yọ́ jáde bí ọdẹ gidi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bojú wo odò. Àwẹ̀ró ń pe Ìbídùn, Ìbídùn kò dáhùn. Mo sáré padà. Ìyá na ọwọ́, igbá jáde wá. Èédú, láti òkè délẹ̀! Bí ẹni pé ọwọ́ mi kò kàn án rí.

Mo gbaná jẹ. Mo nù ún, mo tún un kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi okùn ìbọn mi so igbá náà mọ́ ìbàdí, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ ọ. Mo ní kí n rí iwin tó máa bà á jẹ́. Nígbà tí àkùkọ kọ, ìjì kékeré kan wọlé, ó ń gbálẹ̀. Ó gbá eruku, ó gbá ewé, ó gbá igbá kúrò ní ìbàdí mi. Okùn ṣẹ́kù, kókó okùn ò sì tú. Ìyá na ọwọ́ sí yàrá, igbá jáde wá pẹ̀lú èédú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, irú òṣó wo nìyí?"

Ó ní, "Kì í ṣe òṣó. Ohun tí mò ń gbé jáde fún àlejò kì í ṣe igbá fúnra rẹ̀, òjìji igbá ni. Igbá gan-an kì í kúrò ní yàrá. Ohun tó bá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí àkùkọ fi kọ, ìjì á gbá a dà nù."

Mo ní, "Nígbà náà ẹ gbé e wọ yàrá!"

Kò dìde lórí ẹní. Ó kàn ń wò mí.

Mo na ìbọn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo na ìbọn sí ìyá àgbà. Àwẹ̀ró ń parẹ́ lọ, ọgbọ́n ti tán lórí mi. Mo fa okó ìbọn, ìbọn sín, òwú ló sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, kò bínú.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?"

Ó ní, "Èèwọ̀ mi ni kí n kọ́ àlejò ní ìwà, ọmọ mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Mo jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo di orí mú. Nínú odò, Àwẹ̀ró ti jókòó sídìí ààrò, mo sì ń rí iná ààrò láti inú ara rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Mo wá orúkọ náà títí kí n tó rí i.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ahunṣọ kan láti ìlú mìíràn fi dé. Òun náà, igbá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi èédú kùn. Ó nu èédú, ó kun ẹfun, ó sì kùn ún wúruwùru. Èmi kun tèmi dáadáa jù ú lọ! Nígbà tó parí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ìyá, mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe. Mo ń lọ o. Ẹ kú ìtọ́jú wa. A ó máa fi ayọ̀ rí ara wa. Ó dàbọ̀ o." Mo ń pòṣé nínú pé ọkùnrin yìí mà lẹ́nu o, kí ló dé tí kò kàn lọ?

Ìyá Olùpamọ́ ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi." Ó sì dìde. Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀. Ó gbé igbá náà, ó ká aṣọ dúdú sókè, ó wọ yàrá. Mo gbọ́ ohùn igbá tó kan igbá. Ahunṣọ bojú wo odò, ó fò sókè, ó ń pariwo pé, "Wọ́n ti rí i! Ìyá rẹ̀ ti gbé e mọ́ra!" Ó sáré lọ.

Mo dúró bí ère. Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀, ìyá yìí kò dìde fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báwo ló ṣe máa dìde? Mi ò sọ fún un pé mo parí. Mi ò sọ fún un pé mo ń lọ. Lójú tirẹ̀, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀. Ta ló ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́ níwájú àlejò tí kò tíì ní òun yó? Ó ń dúró dè mí, àkùkọ á kọ, ìjì á dé.

Kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá. Èmi ni iwin yẹn ń sọ! Èébú ni mo sì fi ń ki ara mi láti ọjọ́ yìí! Láwọyin, ibi ẹ̀rín rèé. Rẹ́rìn-ín. Mo sì gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró létí mi: àìdágbére yín yìí, lọ́jọ́ kan.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọdẹ tó bá dágbére nínú igbó, ó ti ta ojú ọ̀nà rẹ̀ fún ẹran. Wọ́n kọ́ mi pé ìbọn irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kò ní dún ire mọ́. Ìbọn mi nìyí, tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Orúkọ mi nìyí, tí wọ́n ń pè láti ìlú dé ìlú. Mo wò ó lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì. Mo ní, bí mo bá pa gbogbo ẹran tó wà nínú igbó, ta ló máa bá mi sè é? Ta ló máa pè mí ní èéfín?

Mo wọlé. Mo nu èédú, mo kun ẹfun. Mo gbé ìbọn kalẹ̀, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tí àyà mi fi kan ilẹ̀. Ahọ́n mi wúwo bí ọlọ. Mo ní, "Ìyá, èmi Ọdẹ́jọbí, mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe. Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ìyá Ìbídùn, wà láàyè. Mo ń lọ sílé báyìí, ojú ọ̀nà tó gba Àṣekù ni màá tọ̀. Ẹ ṣeun. Ó dàbọ̀ o."

Atẹ́gùn gbọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ tí ẹtu kan kígbe lókèèrè pé, "Ó ń bọ̀ o! Ó ń gba Àṣekù!" Ẹran tó wà nígbó dà yí-yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sá.

Ìyá Olùpamọ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Mo ti ń dúró dè ọ́." Ó dìde, orúnkún dún kẹ̀kẹ̀, ó gbé igbá Àwẹ̀ró wọ yàrá. Igbá kan igbá. Gbogbo igbá inú yàrá náà hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé aláboyún ti sọ̀. Mi ò bojú wo odò. Mo ti mọ̀.

Mo bọ́ sọ́nà, mo ń kọrin. Nígbà tí mo dé Àṣekù, mo lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyàwó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìwọ, ṣé o dágbére fún bàbá rẹ àti ìyá rẹ kí o tó jáde nílé?"

Ó lanu. Ó ní, "Yéè! Òun ló kù!" Ó kọjú sí ilé bàbá rẹ̀, ó bú sí ẹkún ìyàwó, ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dáhùn látòkèèrè pé, "Máa lọ, ọmọ mi, ilé ọkọ á gbà ọ́." Ẹsẹ̀ kejì wọlé. Ọkọ rẹ̀ fò sókè, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ilé náà. Kíá, ọba jókòó sórí àga, òkèlè wọ ẹnu, onígbàjámọ̀ fá orí tán. Kùmọ̀ ọjọ́sí náà wá sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá jẹ olóyè àwọn. Mo ní ìyàwó mi ń dúró dè mí. Mo sì dágbére fún wọn kí n tó lọ, ẹ ṣe àkíyèsí.

Kí n tó dé ojúde wa ni mo ti ń gbọ́ ariwo. Ìyá Ṣítù, aládùúgbò wa, dúró sí àárín àgbàlá, ó na ìka, ó ń bú Àwẹ̀ró ní àbútúnbú nítorí adìyẹ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ obìnrin yìí, adìyẹ rẹ tún ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi tí mo sá! Ṣé o ò lójú ni? Àwẹ̀ró, ìwọ ni mò ń bá wí!"

Omi ń bọ́ lójú Àwẹ̀ró, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ṣítù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ tún orúkọ mi pè. Ẹ bú mi sí i."

Ìyá Ṣítù ká ìka rẹ̀ padà, ó rò pé orí obìnrin náà ti dàrú. Ìbídùn sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ń pariwo, "Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó máa bú ìyá mi lójú mi!" Mo wo ilẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kún gbogbo àgbàlá náà, ó wọnú iyanrìn, gìgísẹ̀ àti ìka márààrún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti tọ ojú ẹsẹ̀ erin, mo ti tọ ti ẹkùn. Èmi kò rí ojú ẹsẹ̀ tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, ojú kò tì mí.

Àwẹ̀ró wá dúró lórí mi. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, "Èéfín ti dé. Iṣu tí mo sun fún yín, ó ti tutù."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ wọ igbó, màá lọ bá a níbi tó bá wà. Màá ní, "Àwẹ̀ró, mo ń lọ o." Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ìbọn mi ti kú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dágbére, mo pa ẹfọ̀n kan tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló wá bá mi rù ú. Ẹran gbọ́ pé mò ń bọ̀ lóòótọ́, wọ́n sá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran tó bá ń sá a máa fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ẹnu wọn wọhò.

Ọ̀rọ̀ mi parí. Oòrùn ti wọ̀, èmi náà fẹ́ lọ jẹun. Láwọyin, níbo lò ń yọ́ lọ yẹn? Padà! Bí ẹ bá tú ká láìdágbére, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo sọ máa wà, kí àkùkọ tó kọ lọ́la, ìjì á ti gbá a lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo ń lọ o.

Ó dàbọ̀.

Ẹ gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn láti ilé ìdáná yẹn? Àwẹ̀ró ni.